Báwo ni àwọn ará Róòmù ṣe ń sọ̀rọ̀? Èdè Látìn, ìyá ìyá mi, àti ìwé iṣẹ́ àmúrelé kan ní Ọ̀bà-Ilé

Yàrá mi ní Ọ̀bà-Ilé ni mo jókòó sí. Mo ti ti fèrèsé, mo ti pa fáànù, ṣùgbọ́n ẹ ṣì ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi lábẹ́ ohùn mi. Ẹ má bínú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lórí fóònù dípò kí ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀yin ò ní gbọ́ jẹnẹrétọ̀ kankan. Ẹ ò ní mọ ibi tí mo ti rẹ́rìn-ín. Ẹ ò ní mọ̀ pé ọ̀fun ń dùn mí díẹ̀ lónìí. Lẹ́tà nìkan ló kù fún yín. Ohun tí a fẹ́ sọ gan-an nìyẹn: tí ohùn bá ti lọ, tó wá ku lẹ́tà nìkan, ṣé a lè dá ohùn náà padà?

Fídíò kan ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Òyìnbó kan ń sọ èdè Látìn nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń ra ata lọ́jà. Nígbà tó dé orí orúkọ Cicero, tí àwa ń pè ní "Sísẹrò" nílé ìwé, ó ní "Kíkẹrò". Caesar, tí a mọ̀ sí "Síísà", ó ní "Káísàr". Ọ̀rẹ́ mi wá kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà pé, "Ta ló sọ fún un? Ṣé ó wà níbẹ̀ ni?"

Ìbéèrè gidi ni. Ọdún 43 ṣáájú ìbí Kristi ni Cicero kú. Kò sí rédíò nígbà náà, kò sí fóònù. Kò sí ẹnì kankan láyé tó gbọ́ ohùn ọkùnrin náà rí.

Màmá Àgbà àti Látìn inú ṣọ́ọ̀ṣì

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi. Màmá Àgbà la máa ń pè é. Ó ti di ọdún mẹ́ta tó ti lọ sinmi. Àkúrẹ́ ló ti ṣe kékeré, Kátólíìkì paraku sì ni. Ní 1950 ni Róòmù sọ Oǹdó di dáyósíìsì, tí ìjókòó bíṣọ́ọ̀bù sì wà ní Àkúrẹ́. Lásìkò yẹn, Látìn ni Máàsì. Màmá ò mọ ìtumọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ìpàdé ńlá tí ìjọ Kátólíìkì ṣe ní Vatican láti 1962 sí 1965 ló ṣílẹ̀kùn fún Máàsì ní Yorùbá. Síbẹ̀, ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ìyẹn, tí Màmá bá ń bẹ iṣu, Látìn ṣì máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àlàáfíà, tí wọ́n ń kọ ní "pacem", "páchẹm" ni Màmá ń pè é, bí "ch" inú "church" lédè òyìnbó. Bí àwọn ará Ítálì ṣe ń pe lẹ́tà wọn ni. Póòpù Pius Kẹwàá pàápàá kọ lẹ́tà sí bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Bourges ní ilẹ̀ Faransé ní 1912, ó yin bí wọ́n ṣe ń pe Látìn ní Róòmù, ó sì fẹ́ kó tàn ká.

Ẹ wò ó báyìí. Ilé ìwé ní "Sísẹrò". Ṣọ́ọ̀ṣì ní "Chíchẹrò". Ọkùnrin inú fídíò ní "Kíkẹrò". Lẹ́tà kan náà, ẹnu mẹ́ta. Èwo ni ìyá Cicero fi ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé jẹun?

Ẹ̀rí kìíní: ẹni tó yá ọ̀rọ̀

Àwọn Gíríìkì gbé ayé pẹ̀lú àwọn ará Róòmù, wọ́n sì kọ orúkọ Cicero sílẹ̀ ní lẹ́tà tiwọn. Lẹ́tà "k" ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́ẹ̀mejèèjì. Caesar náà, "k". Àwọn baba ńlá àwọn ará Jámánì gbọ́ ọ, wọ́n yá a, ó di "Kaiser", tó túmọ̀ sí ọba ńlá. Tó bá jẹ́ "s" ni wọ́n gbọ́, níbo ni "k" ti wá?

Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà "v". "Vinum" ni ọtí èso àjàrà. Àwọn òyìnbó yá a, wọ́n ń pè é ní "wine". "Vallum" ni odi ìlú, ó di "wall". Ohùn "w" wa yìí gan-an ló wà nínú "v" àwọn ará Róòmù.

Ẹ má rò pé ti òyìnbó nìkan ni. Ẹ wo àwa náà: dókítà, tísà, lọ́yà, mọ́tò. Tí òyìnbó bá fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, a máa ń fi fáwẹ̀lì tì í lẹ́yìn: búrẹ́dì, tábìlì, bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n "doctor" ní "r" níparí tí a bá kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ló dé tí a ò sọ pé "dókítárà"? Ìdí ni pé àwọn òyìnbó tí a gbọ́ ọ lẹ́nu wọn kì í pe "r" yẹn. Tí gbogbo ẹ̀rọ ayé bá bàjẹ́ lọ́la, ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ "dókítà" nínú ìwé Yorùbá ní ẹgbẹ̀rún ọdún sí i yóò mọ nǹkan kan nípa ẹnu òyìnbó tó wá síbí.

Ẹ̀rí kejì: ẹni tó kọ ọ́ ṣì

Tí ẹ bá rí i lára ògiri kan ní Àkúrẹ́ pé "Má tọ̀ síbí", kí lẹ mọ̀? Ẹ mọ̀ pé àwọn èèyàn ń tọ̀ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ka ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe léèwọ̀.

Olùkọ́ kan láyé àtijọ́ ṣe àkọsílẹ̀ àṣìṣe 227 tí àwọn èèyàn ń ṣe ní Látìn. Appendix Probi ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é. Ó ní kí wọ́n kọ "olim", kí wọ́n yé kọ "oli". Ó rò pé òun ń tún èdè ṣe ni, àṣé ó ń sọ fún wa pé ẹnu àwọn èèyàn ti gbé "m" ìparí yẹn mì pátápátá. Ní Pompeii, ìlú tí òkè oníná bò mọ́lẹ̀ lọ́dún 79, ìkọkúkọ ṣì wà lára ògiri: ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ẹni tó ń bú aládùúgbò. Nínú àwọn náà, "m" ìparí sábà máa ń sọnù.

Quintilian, olùkọ́ àgbà kan ní Róòmù ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn, sọ pé bí "m" bá parí ọ̀rọ̀, tí fáwẹ̀lì sì tẹ̀ lé e, díẹ̀ ló kù kí a má gbọ́ ọ rárá. Òyìnbó máa ń ṣe wàhálà kó tó lóye èyí. Àwa mọ̀ ọ́n láti kékeré. Tí a bá kọ "ọgbọ́n" tàbí "ikún", ṣé a máa ń pe "n" yẹn? Rárá o. Àmì lásán ni, pé kí ohùn gba imú. Fáwẹ̀lì àránmúpè ni. Nítorí náà, tí ọmọ Yorùbá bá pe "vinum" bíi "wínun", ó sún mọ́ ẹnu àwọn ará Róòmù ju ọ̀pọ̀ olùkọ́ Látìn lọ.

Ẹ̀rí kẹta: ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo skit, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, pàápàá àwa ará Oǹdó, Ẹ̀kìtì àti Ìjẹ̀ṣà, pé a máa ń fi "h" síbi tí kò sí, a ó sì yọ ọ́ níbi tó wà? Pé "egg" di "hegg", "house" di "ouse"?

Catullus, akéwì ará Róòmù, ti ṣe skit yẹn ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ó kéwì nípa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arrius, tó máa ń fi "h" ṣakọ. Dípò "insidias", Arrius á ní "hinsidias". Ẹ̀fẹ̀ yẹn kò ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín bí kò bá ṣe pé àwọn tó lajú ní Róòmù ṣì ń pe "h", tí àwọn ará àdúgbò sì ti ń jù ú nù. Ẹ̀fẹ̀ ti wá di ẹ̀rí.

Ẹ̀rí kẹrin: ewì àti àmì orí lẹ́tà

Ewì Látìn kì í tẹ̀ lé bí ọ̀rọ̀ ṣe dọ́gba níparí ìlà. Gígùn àti kíkúrú ohùn ni wọ́n ń kà, bí ẹni ń lu ìlù. Tí ẹ bá ka ìlà kan, tí ìlù rẹ̀ kò bá bọ́ sí i, ẹ ti pe nǹkan kan ṣì. Báyìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe mọ̀ pé tí fáwẹ̀lì méjì bá pàdé láàárín ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀kan máa ń jẹ́ èkejì run. Ìpàrójẹ ni, ohun tí àwa náà ń ṣe tí a bá ní "ṣiṣẹ́" dípò "ṣe iṣẹ́", tàbí "gbọ́mọ" dípò "gbé ọmọ". Ọ̀rọ̀ tó bá sì ní "m" níparí máa ń jẹ run bẹ́ẹ̀ náà, èyí tó fi hàn pé òótọ́ ni Quintilian sọ.

Èdè Látìn kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tó ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà bíi tiwa. Gígùn fáwẹ̀lì ni tiwọn. "Malum" tí "a" rẹ̀ kúrú ni ibi. Tó bá gùn, èso ápù ni. "Anus" tí "a" rẹ̀ kúrú ni ìyá arúgbó. Tó bá gùn, ihò ìdí ni. Ẹ lè rí i pé kò yẹ kéèyàn kánjú níbẹ̀.

Ṣé wọ́n ń fi àmì sí i? Nígbà mìíràn. Wọ́n ní àmì kan tó jọ àmì ohùn òkè wa, tí wọ́n ń fi sórí fáwẹ̀lì gígùn. Quintilian ní ìwà òmùgọ̀ ni kéèyàn fi í sórí gbogbo rẹ̀, pé ibi tí ọ̀rọ̀ méjì bá ti lè dàrú mọ́ra wọn nìkan ni kí wọ́n fi í sí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kì í ronú bẹ́ẹ̀ lórí fóònù? "Wọn á mọ ohun tí mò ń sọ." Àwọn tí a jọ wà láyé á mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Kíláúdíù, ọba Róòmù tó kú lọ́dún 54, tilẹ̀ dá lẹ́tà tuntun mẹ́ta sílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ohùn "w" yẹn, kó má baà dàrú mọ́ "u". Nígbà tó kú, wọ́n pa lẹ́tà rẹ̀ tì.

Ẹ̀rí karùn-ún: àwọn mọ̀lẹ́bí tó kù

Látìn bímọ púpọ̀: Ítálì, Faransé, Sípéènì. "Centum" ni ọgọ́rùn-ún lédè Látìn. Ítálì sọ ọ́ di "ch", Faransé sọ ọ́ di "s". Ṣùgbọ́n ní erékùṣù Sàdíníà, láàárín òkun, àwọn kan wà tí wọ́n ṣì ń pè é pẹ̀lú "k" títí dòní. Ọ̀nà wọn jìn, àṣà tuntun kò tètè dé ọ̀dọ̀ wọn, ohùn àtijọ́ sì kù sí wọn lẹ́nu.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ilé mi.

Àkúrẹ́ ni Sàdíníà tiwa

Yorùbá àjùmọ̀lò, tí a ń kọ́ nílé ìwé, tí a ń gbọ́ nínú ìròyìn, orí ẹ̀ka èdè Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lé. Ọ̀yọ́ kì í fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Ilé" ni wọ́n ń wí, "iṣẹ́", "iṣu". Àwọn ìyá wa níbí ń wí "ulé", "uṣẹ́", "uṣu". Nígbà tí mo wà nílé ìwé, ẹni tó bá wí "ulé" ni wọ́n ń pè ní ará oko.

Ṣùgbọ́n ẹ kọjá odò Ọya, ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn Ígálà ní Ìdá. Èdè wọn àti Yorùbá, ọmọ ìyá ni wọ́n. "Unyi" ni wọ́n ń pe ilé. "Uchu" ni wọ́n ń pe iṣu. "U" ni! Tí mọ̀lẹ́bí méjì tí wọn kì í gbé pọ̀ bá ní irú imú kan náà, ọ̀dọ̀ bàbá ni wọ́n ti mú un wá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé "u" ló wà ní ìbẹ̀rẹ̀, pé Ọ̀yọ́ ló yí i padà.

Kò tán síbẹ̀. Fáwẹ̀lì tí a ń fi ẹnu pè nínú Yorùbá àjùmọ̀lò jẹ́ méje. Àwọn onímọ̀ èdè ní ẹ̀ka àárín gbùngbùn, níbi tí Àkúrẹ́ àti Ẹ̀kìtì wà, pa mẹ́sàn-án ti àtijọ́ mọ́. Ọ̀kan wà láàárín "i" àti "e", ọ̀kan sì wà láàárín "u" àti "o". Àwọn méjèèjì kò ní lẹ́tà. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọ̀mọ̀wé wa ṣèpàdé ní Èkó ní 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, fáwẹ̀lì méje ló rí lẹ́tà gbà. Bíi ti "w" Kíláúdíù, ẹnu ń pe méjì tó kù, ìwé ò mọ̀ wọ́n.

Ẹnì kan ti gbìyànjú ṣáájú ìgbà yẹn. Sigismund Koelle, àlùfáà ará Jámánì, jókòó ní Freetown ní Sàró pẹ̀lú àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ó kọ nǹkan bí 280 ọ̀rọ̀ láti ẹnu wọn, ní èdè Áfíríkà tó ju 100 lọ. Ìwé náà jáde ní 1854. Oǹdó wà nínú rẹ̀ ní àyè tirẹ̀, lọ́tọ̀ sí Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá. Ẹni tí wọ́n jí gbé láti Oǹdó, tí kò mọ̀ bóyá òun yóò tún padà sílé láé, jókòó, ó ń ka orúkọ nǹkan ilé rẹ̀ fún àlejò, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo ṣe sí ohùn Màmá

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ báyìí. Ọdún tó ṣáájú ikú Màmá Àgbà, mo gbà á sílẹ̀ lórí fóònù mi. Ó tó wákàtí méjì. Ó sọ bó ṣe ṣòwò, bí ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀bà-Ilé ṣe rí nígbà tó jẹ́ igbó, ó tún kọ Látìn rẹ̀ fún mi. Mo jókòó, mo tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí ímeèlì mi. Mo ní màá gbé àwọn ohùn náà pamọ́ síbòmíràn tí mo bá ra dátà. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n jí fóònù náà lápò mi nínú ọjà.

Ohun tí mo tẹ̀ ló kù. Nígbà tí mo ṣí i lẹ́yìn ìsìnkú, ìtìjú bá mi. Mo ti "tún un ṣe". Gbogbo "ulé" rẹ̀, mo ti sọ ọ́ di "ile". Gbogbo "uṣẹ́", mo ti sọ ọ́ di "ise". Kò sí àmì kan lórí rẹ̀. Ẹni tó bá kà á yóò rò pé obìnrin kan láti Ìbàdàn ló ń sọ̀rọ̀. Èmi tí mo bínú pé ilé ìwé ń pè wá ní ará oko, èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi pa ẹnu ìyá mi rẹ́.

Ní oṣù tó kọjá, a ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, a rí ìwé àbúrò mi obìnrin kan, láti ìgbà tó wà ní pírámárì kẹta, tó ń gbé lọ́dọ̀ Màmá. Iṣẹ́ àmúrelé ni: kọ orúkọ oúnjẹ mẹ́wàá. Ó hàn gbangba pé Màmá ló ń pè é fún un. Nọ́ńbà kìíní: "usu". Tísà ti fi bírò pupa fa ìlà sí i, ó kọ "iṣu" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fún un ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá, mo pè é sókè. Uṣu. Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ló kọ ohun tó gbọ́, tísà ló sì fi pupa sàmì sí i, bí olùkọ́ àtijọ́ tó ní kí wọ́n yé kọ "oli". Láìmọ̀, àwọn méjèèjì ló gba ohun tí mo sọ nù sílẹ̀. Kì í ṣe wákàtí méjì. Lẹ́tà kan ni. Mo ti ya fọ́tò ojú ìwé náà, mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé.

Nítorí náà, iṣẹ́ àmúrelé tiyín rèé. Ẹ pe ìyá yín àgbà tàbí bàbá yín àgbà lóṣù yìí. Ẹ ní kí wọ́n ka orúkọ nǹkan inú ilé, nǹkan oko, orúkọ ẹran àti ẹja, bí ẹni tó ń bá Koelle sọ̀rọ̀ ní Freetown. Ẹ gbà á sílẹ̀. Ẹ sọ orúkọ wọn, ìlú wọn àti déètì ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni méjì lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má dúró de dátà bíi tèmi. Tí ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́, ẹ má kọ ohun tí ilé ìwé ní ó tọ́. Ẹ fi àmì sí i.

Ní ti ọ̀rẹ́ mi tó béèrè bóyá òyìnbó inú fídíò wà níbẹ̀: kò sí níbẹ̀. Àwọn Gíríìkì tó yá ọ̀rọ̀, olùkọ́ tó ń bínú, akéwì tó ń ṣẹ̀fẹ̀, ẹni tó ń kọ ìkọkúkọ sára ògiri, àwọn ni wọ́n wà níbẹ̀. "Kíkẹrò" ni.

Ó dìgbà kan ná. Aládùúgbò mi ti pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n ti mú iná dé.